Orúkọ Tí Mo Sọ Ọmọ Rẹ Nínú Fóònù

Akaka Rẹ́mọ,
Ọjọ́ Ajé.

Yúnúsà ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùmù. Ṣé dáadáa ni o wà ní Èkó, ṣé ara ìyàwó rẹ ti ń mókun, ṣé omi ọmú ń wá dáadáa fún ọmọ? Mo tún kí yín kú ewu. Ọlọ́run Ọba tó fún wa lọ́mọ kò ní gbà á lọ́wọ́ wa, ohun tí ẹ ó fi tọ́ ọ kò ní wọ́n yín, ẹ ò ní fi ẹkún tọ́ ọ. Àmín. Bí o bá béèrè èmi, ara mi le, àfi orúnkún tí kò jẹ́ kí n wá síbi ìsọmọlórúkọ, òun náà sì ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Gbàǹja so dáadáa lọ́dún yìí, a ti rẹ ẹ́ sómi, a ń bó o lọ́wọ́, nítorí náà bí o bá rí àbàwọ́n lára ìwé yìí, obì ni, kì í ṣe ọ̀bùn.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé dípò kí n pè ọ́ ni pé fóònù tí o rà fún mi ti kú. Má pariwo, jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìwé mẹ́fà tí mo kà ló ń gbà mí báyìí.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ tí o ní kí n jókòó síwájú fóònù kí n máa wò yín, mo wẹ̀, mo wé gèlè, mo gbé fóònù ti ìgò epo lórí tábìlì, Ìyá Akóredé ará ilé kejì wá bá mi jókòó. A rí yín kedere. Mo rí ọ, o ti sanra díẹ̀, àmọ́ jọ̀ọ́ gé irùngbọ̀n yẹn. Nígbà tí ààfáà ní ó kan ìyá bàbá ọmọ, mo ju owó sínú àwo omi tí mo ti gbé kalẹ̀, mo ní èmi Sàdíátù, mo sọ ọmọ yìí ní Kàdíjátù, orúkọ ìyá mi. Ni ìyàwó rẹ bá gbé ọmọ sún mọ́ wa pé kí màmá rí i dáadáa. Yúnúsà, ọmọ náà la ẹnu sí mi! Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ wo ló máa la ẹnu sí ìyá àgbà ẹ̀, tí ìyá àgbà ò ní fi oyin sí i? Mo ti ìka bọ oyin, mo fi tọ́ ọ lẹ́nu. Àfi bí fóònù ṣe ṣókùnkùn. Ìyá Akóredé ní oyin yẹn ló pọ̀ jù, kí n fi omi orúkọ ṣan án díẹ̀. Mo ṣan án. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, eèrà ti kó wọ inú ẹ̀.

Oyèkọ́lá tó ń tún fóònù ṣe ní Ṣàgámù ní òun máa tú u, òun á fọ inú ẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ tọwọ́tẹsẹ̀ pé kó rọra, pé orúkọ ọmọ kan ṣì lè wà níbẹ̀ tí kò tíì dé Èkó, kó má fọ̀ ọ́ dànù mọ́ eèrà. Ó ní màmá, kò sí orúkọ kankan níbí. Mo ní ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀. Bí owó bá lè gba inú afẹ́fẹ́ láti ọ̀dọ̀ rẹ dé ọ̀dọ̀ oní-POS wa, kí ló dé tí orúkọ ò ní lè há sójú ọ̀nà?

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn, mi ò mọ̀ bóyá ẹ gbọ́ orúkọ tí mo sọ. Mo sì rántí pé kí ọmọ tó pé ọjọ́ mẹ́jọ, o ti sọ fún mi pé Ikhlas ni ẹ fẹ́, pé Kàdíjátù jẹ́ orúkọ arúgbó, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ta ló bí Kàdíjátù ní arúgbó? Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ lòun náà lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n ní ó ké débi pé ìmáàmù dákẹ́ àdúrà.

Èmi náà mọ̀ pé orúkọ ń yí. Nígbà èwe ìyá mi, bí o bá ju òkò sáàárín ọjà, Kàdíjátù tàbí Àwáwù ló máa bà. Ó kan tèmi, ó di Sàdíátù. Àwa mẹ́rin là ń jẹ́ ẹ ní kíláàsì kan, tíṣà pe ọ̀kan ní Sàdíátù Pupa, ọ̀kan Sàdíátù Gíga, ọ̀kan Sàdíátù Ọmọ Alápatà, ó pe èmi ní Sàdíátù Oníyọnu, irọ́ ló sì pa mọ́ mi. Nígbà tí mo bí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, Kudirat àti Sherifat ni gbogbo ilé ń sọ, àwọn onígbàgbọ́ ń sọ Fúnmiláyọ̀. Lẹ́yìn wọn ni Zainab kún ìgboro. Ní báyìí Ikhlas lọ́tùn-ún, Ikhlas lósì, ọmọ onígbàgbọ́ tí wọ́n bí lẹ́yìnkùlé wa sì ń jẹ́ Inúolúwa. Mo bi Ìyá Akóredé pé ta ló ń pín orúkọ wọ̀nyí tí gbogbo ayé fi ń gbà á lẹ́ẹ̀kan náà bí aṣọ ọdún. Ó ní ilé iṣẹ́ pọ̀ ní Ògìjó, bóyá ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Mo rò ó, kò jọ irọ́. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ń ṣe tuntun, ó yẹ kó máa bá wa tún ti àtijọ́ ṣe pẹ̀lú.

Ikhlas dára o. Mo ti ń kọ́ ọ, ahọ́n mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n. Lágbára Ọlọ́run òun náà á di ìyá àgbà, ọmọ ọmọ ẹ̀ á sì fi imú pè é pé Ikhlas, orúkọ arúgbó. Kí ẹ̀mí rẹ gùn kí o gbọ́ ọ.

Wàyí o, jọ̀ọ́ fi owó àtúnṣe fóònù ránṣẹ́, Oyèkọ́lá ò ní ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, kí o fi ti òróró orúnkún àti ti àpò tí a ó kó obì sí kún un. Kí o dárúkọ mi sí owó náà létí dáadáa kó tó kúrò ní Èkó, kó má bàa ya ilé ẹlòmíràn. Owó orúkọ tèmi rèé nínú ìwé yìí, mo ti sá a gbẹ. Bá mi jù ú sínú omi níbẹ̀.

Mi ò ní kí ẹ yọ Ikhlas. Ẹ fi tèmi sẹ́yìn pátápátá, níbi tí tíṣà ò ní kà dé. Ṣùgbọ́n ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun, jọ̀ọ́ pe fóònù Ìyá Akóredé, gbé e sétí ọmọ, kí n pè é ní Kàdíjátù lẹ́ẹ̀kan péré. Bó sunkún ni, bó hó ni, bó sín ni, ó ti tó mi. Láti ọjọ́ tí a ti sin ìyá mi, mo máa ń pe orúkọ yẹn nígbà mìíràn nínú ilé yìí, Yúnúsà, kò sẹ́ni tó ń dá mi lóhùn.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ, á ṣọ́ ìyàwó rẹ, á wo ọmọ wa dàgbà. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sàdíátù.