Ààbọ̀ Sítáǹpù Ara Lẹ́tà Bàbá

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta

Bàbá fún mi ní lẹ́tà náà lónìí. Kò sí àdúrà, kò sí ìtàn. Wọ́n ní kí n fa dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀, kí n mú fáìlì aláwọ̀ ewé. "Gbà á, tìẹ ni. Ojú mi ò tó o mọ́." Mo ní ẹ ṣeun, sà. Mo fi í sínú báàgì, mo bá wọn gé èékánná ẹsẹ̀ wọn, mo wá sílé.

Kí n kọ ọ́ dáadáa, torí èmi náà ti ń gbàgbé nǹkan. Ìwé tí wọ́n ká pọ̀ ni, kò ní àpò ìwé, láti Amẹ́ríkà, ọdún 1849. Oríṣi sítáǹpù méjì péré ni wọ́n ní lọ́hùn-ún nígbà náà: ti sẹ́ǹtì márùn-ún, búráùn, àti ti sẹ́ǹtì mẹ́wàá, dúdú, tó ní àwòrán ààrẹ wọn àkọ́kọ́. Bí ti márùn-ún bá tán, àwọn kan á fi àlùmọ́gàjí gé ti mẹ́wàá sí méjì láti igun dé igun, wọ́n á lẹ ààbọ̀. Irú ààbọ̀ bẹ́ẹ̀ ló wà lára lẹ́tà Bàbá. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà níbi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ sí, ìṣúra ni. Bó bá dá wà, ìdọ̀tí tí à ń gbá dànù ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Eyín àtọwọ́dá mẹ́rìnlá ni mo ṣe níbi iṣẹ́ lónìí. Méjì ò bá ẹnu ẹni tó ni ín mu — a máa tún un ṣe. Àbúrò mi obìnrin yà wá, ó wo lẹ́tà náà títí. "Àǹtí mi, ta ló ya ìyókù?"

Ọjọ́bọ̀, 6

Mi ò tíì sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń jẹ mí lọ́kàn.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Bàbá fi ń ya lẹ́tà sọ́tọ̀ síra wọn ní pósítọ́fíìsì. Álíbọ́ọ̀mù mẹ́ta ni wọ́n ti fi sítáǹpù Amẹ́ríkà kún, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sùúrù. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún atukọ̀ òkun kan, wọ́n gba lẹ́tà kan ṣoṣo yìí. Wọ́n gbé e lọ sí ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó sítáǹpù jọ. Ẹgbẹ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní atukọ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ ààbọ̀ náà. Láti ọjọ́ náà, Bàbá Ààbọ̀ ni wọ́n ń pè wọ́n. Mo rántí bí Bàbá ṣe jókòó sí pálọ̀ lọ́jọ́ yẹn, fìlà lórí, bàtà lẹ́sẹ̀, tí oúnjẹ fi tutù. Wọn ò lọ sí ẹgbẹ́ mọ́. Àmọ́ wọ́n kọ́ mi: bí a ṣe ń fi ẹ̀mú gbé sítáǹpù, bí a ṣe ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí a tó wo iwájú.

Ìparí oṣù yìí ni àfihàn ẹgbẹ́. Èmi náà ti di ọmọ ẹgbẹ́ báyìí. Mo fẹ́ kí lẹ́tà yẹn wà nínú gíláàsì iwájú, kí orúkọ Bàbá wà lábẹ́ rẹ̀, kí ojú wọn tó kú pátápátá. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Mo gbé e lọ fún Kò-dá-mi-lójú. Òun ni olùyẹ̀wò ẹgbẹ́ — ó ń tún aago ṣe, gbólóhùn yẹn ló sì máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ìyàwó rẹ̀ wá síwájú rẹ̀, á ní kò dá òun lójú. Àmọ́ kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí jù ú lọ.

Ó fi gíláàsì wò ó, ó gbé e sábẹ́ iná, ó yí i. Ó ní òǹtẹ̀ pupa tí pósítọ́fíìsì lù ú bẹ̀rẹ̀ lórí sítáǹpù, ó kọjá sórí ìwé, ó dára. "Ṣùgbọ́n kò dá mi lójú." Ó ní láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ lẹ́tà ń lọ láìní sítáǹpù rárá, ẹni tó bá gbà á ló ń sanwó. Oníjìbìtì lè mú irú ẹ̀, kó lẹ ààbọ̀ lé orí òǹtẹ̀ tó ti wà níbẹ̀, kó wá fi tàdáwà pupa fa ìlà kọjá lórí sítáǹpù. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, pupa á wà lábẹ́ ẹ̀. Tí abẹ́ ẹ̀ bá mọ́, òótọ́ ni. Láìrí abẹ́ ẹ̀, òun ò ní buwọ́ lù ú. Láìsí ìbuwọ́lù, kò sí àfihàn.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Mo sọ fún Bàbá. Wọ́n di apá àga mú.

"Má ṣí i."

Mo ní kí ló dé, sà?

"Mo ní má ṣí i." Wọ́n wá ní kí n tan rédíò.

Ọdún mọ́kànlélógójì. Ọwọ́ wọn dára ju tèmi lọ, wọn ò sì ṣí i rí. Ṣé ó dá wọn lójú ni, àbí ẹ̀rù ń bà wọ́n?

Ọjọ́rú, 12

Òjò. Eyín mọ́kànlá.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Iṣẹ́ mi ni kí n ṣe ohun tí kì í ṣe eyín kó jọ eyín. Mo mọ ohun tí ọwọ́ èèyàn lè ṣe. Bóyá ìyẹn ni mi ò fi lè wo lẹ́tà náà kí ọkàn mi má lọ sábẹ́ ẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Ti Bàbá ti lé ní ogójì. Bí òótọ́ bá sì bá a ńkọ́?

Mo ti pinnu. Èmi nìkan ni màá ṣí i. Bí pupa bá wà níbẹ̀, màá lẹ̀ ẹ́ padà, màá pa ẹnu mi mọ́, ó parí. Gbogbo aṣọ kọ́ ni à ń sá lóòrùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Ibi iṣẹ́. Aago méjìlá ọ̀sán, gbogbo wọn ti lọ. Mo ti ilẹ̀kùn.

Ìwé afami méjì tí mo fi omi rin díẹ̀, abọ́ onídèérí tí a fi ń tọ́jú àwòṣe eyín kí ó má gbẹ. Mo fi lẹ́tà sínú ẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú, kí gọ́ọ̀mù ẹ̀ lè rọ̀. Igun kan kọ́kọ́ gbéra. Mo ki ọ̀bẹ tí a fi ń gbẹ́ ìda bọ abẹ́ ẹ̀, èyí tó tín-ín-rín jù, mo ń tì í díẹ̀díẹ̀.

Ó ṣí.

Abẹ́ ẹ̀ mọ́. Onígun mẹ́ta funfun, ó mọ́ ju ìyókù ìwé lọ, kò sí pupa, kò sí nǹkan kan. Òǹtẹ̀ náà dé etí ibi tí sítáǹpù wà, ó dúró síbẹ̀ gẹ́lẹ́. Láti ọdún 1849 ni ààbọ̀ náà ti wà níbẹ̀.

Bàbá mi kì í ṣe òmùgọ̀. Mo sọ ọ́ síta, nínú yàrá òfìfo, níwájú eyín tó tò lórí tábìlì. Mo sunkún. Kí ni mo fẹ́ fi pamọ́ fún ìwé ara mi?

Ọjọ́ Ajé, 17

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Kò-dá-mi-lójú kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Mo gbé lẹ́tà kalẹ̀, mo gbé ààbọ̀ náà kalẹ̀ nínú ọ̀rá. Ó wò ó pẹ́.

"Ó mọ́ lóòótọ́. Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ ṣí i?"

Mo ní èmi nìkan, níbi iṣẹ́, lọ́sàn-án Sátidé.

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Kò bú mi, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tó mọ́ lónìí lòun rí, òun ò rí ohun tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Òògùn wà tó ń fọ òǹtẹ̀ pupa kúrò. "Ibi iṣẹ́ yín sì kún fún òògùn. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n."

Mo mọ̀ ọ́n. Òfin ẹgbẹ́ ni pé èèyàn mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà nídìí tábìlì nígbà tí a bá ń ṣí sítáǹpù, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta buwọ́ lùwé. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì lèmi fúnra mi jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Ààyè tí màá gbà fi í pamọ́ ni mo ń wá. Tó bá jẹ́ pé mo gba Bàbá gbọ́ ni, ǹ bá ti pe ẹlẹ́rìí.

Ó bu omi fún mi. Ó ní tí mo bá lẹ̀ ẹ́ padà, kí n kọ ọ́ sẹ́yìn lẹ́tà pé wọ́n ti ṣí i rí. Mo ní mo gbọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́bọ̀, 20

Mo sọ fún Bàbá. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn, mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ti ṣí i.

Mo rò pé wọ́n á bínú. Wọn ò bínú.

"Kí lo bá níbẹ̀?"

Mo ní ó mọ́, sà. Ó mọ́ tónítóní.

"Ẹgbẹ́ ńkọ́?"

Mo ṣàlàyé. Pé kò sí ẹlẹ́rìí, pé wọn ò ní buwọ́ lù ú, pé ẹjọ́ mi ni. Wọ́n mi orí. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n ń wá tèmi, wọ́n rí i, wọ́n rọra ń gbá a.

"O ṣeun, ọmọ mi."

Mo ní òótọ́ ni, sà. Mo fi ojú mi méjèèjì rí i. Mo mú ìka wọn, mo gbé e lé ojú ibi tí ààbọ̀ náà ti ṣí lára lẹ́tà.

"Mo gbọ́. O ti gbìyànjú. Ìyá rẹ náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀ fún mi." Ohùn tí wọ́n fi dá àwọn tó wá kí wọn lóhùn nígbà tí Màámi kú ni.

Mo tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí mo ṣe ń tún un sọ ni wọ́n ń dúpẹ́. Irọ́ tí mi ò pa ni wọ́n ń dúpẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi.