Ta Ló Ni Oòrùn Ẹ̀yìnkùlé Mi?

Ajé, ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta
Wọ́n ti wó ṣọ́ọ̀bù aránbàtà. Òun ló kángun sí ilé mi, lápá ibi tí oòrùn ti ń yọ. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni katapílà dé. Kó tó di ọ̀sán, ilẹ̀ ti tẹ́jú. Ogún ọdún ni bàbá yẹn fi ń fi òòlù gbá bàtà létí mi. N kò mọ̀ pé mo fẹ́ràn ariwo yẹn, àfi lónìí tó dákẹ́.

Páálí Kẹrin ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Páálí ni mò ń pe àwọn ilé gogoro wọ̀nyí. Kí ni ǹ bá tún pè wọ́n? Àwọ̀ eérú láti ìsàlẹ̀ dókè, fèrèsé kan náà, igba fèrèsé. Kò sí ọ̀kan tó ní ojú.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin
Mo jókòó ti okùn aṣọ, mò ń wo oòrùn. Páálí Kìíní ti gba ti ìrọ̀lẹ́ lọ́wọ́ mi láti ọdún mẹ́ta. Kejì àti Kẹta bu ti ọ̀sán jẹ. Ó ku ti àárọ̀: aago méje àbọ̀ sí mọ́kànlá. Ojú rẹ̀ gan-an ni Kẹrin máa dúró sí. Alágbàfọ̀ tí kò ní oòrùn — kí ló kù fún un? Aṣọ tí kò rí oòrùn á máa rùn bí ajá tí òjò pa.

N kò ní gbà. Mo kọ ọ́ síbí kí n lè rí i lọ́la.

Ẹtì, ọjọ́ keje
Ẹlẹ́rìn-ín wá. Aṣojú àwọn tó ń kọ́ Páálí ni, ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé agolo bísíkíìtì dání. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ó ń pè mí ní Mọ́mì. Ta ni mọ́mì ẹ̀? Ó ní kí n má bínú nítorí aránbàtà, ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mo ní ṣé iná ló jó o ni, àbí katapílà yín? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n buwọ́ lùwé pé n kò lòdì sí ilé tuntun. Mo ní kó gbé agolo rẹ̀, kó máa lọ. Ìkánjú mú kó gbàgbé ìwé náà sórí tábìlì ìlọṣọ.

Ẹ̀yìn ìwé yẹn ni mo kà, lẹ́tà tínńtínní bí ìdin: bí ọgbọ̀n ìdílé láàdúgbò bá kọ̀wé tako ilé náà kó tó di ọjọ́ kọkànlélógún, ọ́fíìsì tó ń fọwọ́ sí ilé kíkọ́ gbọ́dọ̀ pe ìpàdé.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ
Mo ka ilé àtijọ́ tó kù láàdúgbò. Mẹ́jọ péré.

Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án
Ọmọ mi pè. “Màámi, ẹ ta ilé yẹn, kẹ́ ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ mi.” Mo ní kí ni n ó máa ṣe níbẹ̀? Ó ní kí n máa sinmi. Mo gé fóònù mọ́ ọn létí. Ojú tì mí, mo tún pè é padà, mo bẹ̀ ẹ́. Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n n kò tà á.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá
Ọgbọ̀n ìdílé — inú Páálí Kìíní ni wọ́n wà. Láti àárọ̀ ni ọkàn mi ti ń sọ ọ́, tí mo ń bá a jà. Kí n lọ bẹ Àwọn Ará Òkè? Àwọn tó ń gbé inú Páálí, tí wọn kò kí mi rí láti ọdún mẹ́ta?

Ó dáa. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá
N kò wọ inú ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè. Mo fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn Páálí Kìíní. Kò sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn àfi ní àjà kẹsàn-án, nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ó fún mi lómi kó tó bèèrè ohun tí mo wá ṣe.

Aṣọ ibùsùn wà lórí gbogbo àga rẹ̀, tútù rinrin, yàrá ń rùn. Òfin Páálí ni pé a kò gbọdọ̀ sá aṣọ síta. Ó ní ó tó ọdún méjì tí òun ti sùn kẹ́yìn sórí aṣọ tó gbẹ dénú. Nítorí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ló ṣe ra ibẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ ti Kẹrin fún un. “Wọ́n fẹ́ ti fèrèsé mọ́ mi lójú? Ẹ mú bírò yẹn wá jàre.”

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tínú ń run. Láti ìsàlẹ̀, fèrèsé lásán ni mò ń rí.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún
Èmi àti Nọ́ọ̀sì rìn káàkiri Páálí Kìíní. Ó ń kanlẹ̀kùn bí ẹni tó fẹ́ gún wọn lábẹ́rẹ́. Ìdílé mọ́kànlélógójì ló buwọ́ lùwé! Lọ́la, a ó kó o lọ sí ọ́fíìsì yẹn. Wọ́n tún kó aṣọ fún mi. Apá mi fẹ́ já, inú mi dùn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún
Ẹlẹ́rìn-ín wá. Kò rẹ́rìn-ín.

Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún
Ìpàdé. Ọkùnrin onítáì kan dìde, ó ní nítorí okùn aṣọ obìnrin kan ni a ṣe fẹ́ dá ìlú dúró. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, okùn aṣọ ni. Okùn yẹn ló rán ọmọ mi nílé ìwé, tí wọ́n bá mọ ibòmíràn tí oòrùn ti ń yọ, kí wọ́n júwe rẹ̀ fún mi. Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́ títí wọ́n fi ní kó jókòó.

Ọ́fíìsì dájọ́: wọn kò gbọdọ̀ kọ́ Kẹrin ju àjà méjì lọ. Mo sunkún lójú ọ̀nà bí ọmọdé.

Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n
Lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn ará Páálí Kìíní. Wọ́n dúpẹ́ púpọ̀. Wọ́n ní bí ojú fèrèsé ti wá mọ́ báyìí, kí n jọ̀wọ́ kó okùn aṣọ mi kúrò níbi tí wọ́n ti lè máa rí i, kò bá ojú mu. Alága ló kọ́kọ́ buwọ́ lù ú. Nọ́ọ̀sì ni alága.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dùn mí dé egungun — ìbá jẹ́ Ẹlẹ́rìn-ín ló kọ ọ́, ǹ bá fi nu tábìlì. Aṣọ ibùsùn Nọ́ọ̀sì mẹ́rin ṣì wà nínú bàsíà mi. Mo fọ̀ wọ́n, mo sá wọn sórí okùn iwájú, níbi tí gbogbo igba fèrèsé ti lè rí wọn. Mo lọ̀ wọ́n. Mo gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹsàn-án.

Kò lè wojú mi. “Ẹ má bínú, àwọn tó kù ló...” Mo gbé aṣọ náà lé e lọ́wọ́, mo ní kó gbé e símú. Ó gbé e símú, ó sì gbé e síbẹ̀ pẹ́. Mo ní okùn tí ẹ ní kí n kó ló mú un gbẹ.

Nígbà tí mò ń bọ̀, mo yà ra okùn tuntun. Mẹ́rin ni mo ní tẹ́lẹ̀. Lọ́la, aago méje àbọ̀, mò ń ta ìkarùn-ún.