Ìránṣẹ́ Tó Wà Nínú Bàbá Yín

Akọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà, ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun? Olúwa ò ní jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí mi ò fẹ́ gbọ́ nípa rẹ. Tó o bá ń béèrè wa, a wà láàyè, òrùlé yàrá ẹ̀yìn ṣì ń jò, adìẹ funfun ti pamọ. Fóònù tó o rà fún mi wà nínú àpótí, mo fi aṣọ wé e kí òtútù má baà mú un, bóyá ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń gbọ́ ọ.

Àbúrò rẹ ti jíṣẹ́ fún mi pé o fẹ́ rán mọ́tò wá gbé bàbá yín lọ sọ́dọ̀ rẹ ní Sátidé, pé agbára mi ò ká ìtọ́jú wọn mọ́. Má rán mọ́tò kankan. Tó bá dé, kí dírẹ́bà máa fọn fèrè títí ilẹ̀ á fi ṣú, òfìfo ló máa padà.

Lóòótọ́, láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n ti kọjú sí ògiri, wọn ò rẹ́rìn-ín, oúnjẹ ò wọlé. Ó dùn mí wọ eegun. Ṣùgbọ́n dókítà obìnrin kan ní ọsibítù fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wa. Ó ní àwọn iṣan inú ọpọlọ kì í fara kan ara wọn, àlàfo tóóró wà láàárín wọn, ìránṣẹ́ ló ń gbé ọ̀rọ̀ sọdá. Ọ̀kan nínú àwọn ìránṣẹ́ náà ń jẹ́ sẹrotónì, ọwọ́ ẹ̀ wà nínú oorun, oúnjẹ àti inú dídùn. Ó ní iṣan tó rán an máa ń fà á padà, oògùn tóun fún wa ló máa jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i lẹ́nu iṣẹ́, pé ó máa gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ká má sì dá oògùn náà dúró fúnra wa.

Mo bi í bóyá ìránṣẹ́ yìí máa ń jẹun. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní inú ikùn gan-an lèyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà, àmọ́ tikùn kì í gòkè lọ sí ọpọlọ. Èmi rò pé kò sẹ́ni tó fọ̀nà hàn wọ́n ni. Láràárọ̀ ni mò ń fi òróró ra ikùn bàbá yín lọ sókè, mò ń sọ fún wọn pé ọ̀nà nìyí, ẹ máa bọ̀. Àwọn ìránṣẹ́ náà ò tíì dáhùn, mi ò sì ní ṣíwọ́.

Àṣé bàbá yín ti gbé ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. O mọ̀ pé mẹ́sẹ́ńjà ni wọ́n láti ìgbà èwe títí irun fi funfun, tí wọ́n ń gbé fáìlì gun àtẹ̀gùn, bébà kan ò sọnù lọ́wọ́ wọn rí. Níjọ́ kan tí mò ń fún wọn lóògùn, wọ́n dìde jókòó, wọ́n ní ṣé dókítà yẹn ń sọ pé ìránṣẹ́ inú àwọn kì í jíṣẹ́ ni. Wọ́n ní tí ọ̀gá bá pe mẹ́sẹ́ńjà padà kó tó kan ilẹ̀kùn, ẹ̀bi ọ̀gá ni. Mo ní ohun tí dókítà sọ gan-an nìyẹn. Wọ́n ní bàtà ọ́fíìsì àwọn dà.

Ọmọ mi, mo kọ́kọ́ lọ sunkún ní yàrá ẹ̀yìn kí n tó mú bàtà náà wá. Wọ́n ti ń wọ̀ ọ́ rìn dé ẹnu ọ̀nà. Níjọ́ mìíràn wọn kì í dìde rárá, mi ò ní parọ́ fún ọ. Àǹtí rẹ ní oògùn wèrè ni, kí n dà á nù. Mo ní tó bá fọwọ́ kàn án, àwa méjèèjì la jọ máa wọ ṣòkòtò kan náà.

Nítorí náà, owó mọ́tò yẹn, fi ránṣẹ́ sí mi. Màá fi ra oògùn àti pólíìṣì dúdú, màá sì fi tún ìsàlẹ̀ bàtà ṣe. Má fi sí báńkì, inú ògiri ni wọ́n ń kó owó mi sí, mo fojú mi rí i tí wọ́n ń fà á yọ fún ẹlòmíràn.

Ayọ̀ ò ní ṣìnà ilé rẹ. Ìránṣẹ́ inú rẹ ò ní padà lófìfo.

Àbúrò rẹ ni mo fẹ́ fún ní lẹ́tà yìí kó lọ fi í sí póòsì. Bàbá yín ní rárá o, ta ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí nílé yìí tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti wọ bàtà, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kí n ṣe kíá. Tó o bá ń ka èyí, wọ́n ti jíṣẹ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ