Ẹ Bá Mi Di Ilẹ̀ Mú

Bàsírá kò gbé fóònù láti àárọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, ara mi ò gbà á mọ́.

Bàámi ọ̀wọ́n, ẹ má bínú pé n ò tíì kí yín. Ẹ kú ilé o. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Egan ni mo jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàárè yín.

Bàsírá ọmọ mi, àbúrò Kàmọ́rù, tí ẹ máa ń gbé kọ́rùn lọ ra mọ́sà, ó ti wà ní ilẹ̀ Tọ́kì báyìí, ó ń ránṣọ níléeṣẹ́ kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ilẹ̀ mì lọ́hùn-ún, ògiri ilé tó ń gbé sì lanu. Ó sun ìta nínú òtútù, kó tó tún wọ inú ilé yẹn padà, torí kò ríbòmíì gbà. Mo bẹ̀ ẹ́ kó máa bọ̀ wálé, kò gbọ́. Ilẹ̀ ọ̀hún ò sì tíì sinmi, ó ṣì ń gbọ̀n.

Kí ni ilẹ̀ ń bínú sí? Kàmọ́rù tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Jọ́gíráfì fi ògì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pò ṣàlàyé fún mi. Awọ ti bò ó lójú. Ó fi ṣíbí tì í, awọ náà fà ya, ègé kan lọ kọlu èkejì, ó sì ká jọ bí aṣọ tí wọn ò lọ̀. Ó ní ègé-ègé bẹ́ẹ̀ ni ojú ilẹ̀ ayé náà, bẹ́ẹ̀ sì ni òkè ńlá ṣe ń yọ. Ibi tí àwọn ègé bá ti ya ara wọn, kòtò á là, òkun á gbabẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ kì í ṣe ògì o, òkúta gbígbóná ni, kì í yára ju bí èékánná ṣe ń hù lọ. Tí ègé méjì bá wá há mọ́ra wọn pẹ́, ọjọ́ tí wọ́n bá já ni ilẹ̀ á mì.

Mo bi í pé ta ló ń ti Tọ́kì. Ọmọ yìí rẹ́rìn-ín.

"Àwa náà kẹ̀, Màámi! Ègé ilẹ̀ Áfíríkà wà lára àwọn tó ń tì wọ́n. Egan ń lọ kí Bàsírá nìyẹn."

N ò rí ẹ̀rín rín.

Bàámi, ilẹ̀ tí ẹ sùn sí ló ń ti ilẹ̀ tí ọmọ mi ń sùn lé! Mo mọ̀ pé Ọlọ́run ló ni ín. Mo ti kírun, mo ti ṣe àdúà títí ohùn mi fi há. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin bíríkìlà tó máa ń fẹsẹ̀ ki ìpìlẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ to búlọ́ọ̀kù lé e títí ọkàn yín á fi balẹ̀. Ẹ bá mi fẹsẹ̀ ki eléyìí náà. Ẹ fi èjìká gbé e dúró. Àbí òkú ò lágbára mọ́ ni? Ta ni kí n tún wá bẹ̀?

Kàmọ́rù á ní orí ìyá òun ti dà rú. Kó máa wí, jàre.

Ẹ tètè fèsì. Màá sùn kíá lónìí, ẹ wá bá mi lójú àlá. Kódà tí ìròyìn Bàsírá ò bá dára, Bàámi, ẹ má fi pamọ́ fún mi.

Èmi ọmọ yín, tí àárò yín ń sọ.