Amp Tòkunbọ̀ Tí Mo Yàn l'Ọ́tùn Ti Fẹ́ Tú Ulé Mi Ká

Onígìtá ni mí, etí mi ti ń kú, kò sì sẹ́ni tó mọ̀. Admin, ẹ kú uṣẹ́ o, ẹ dákun ẹ bá mi bo orúkọ mi, torí ní Ọ̀yẹ́ níbí, ta ló máa pe onígìtá adití sóde? Àwọn ọmọ yunifásítì tó ń wá kọ́ gìtá nílé mi, èwo nínú wọn ló máa padà wá? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa kà á, ẹ má bínú tó bá gùn, ó ti pẹ́ nínú mi, bí mi ò bá sọ ọ́ síbì kan orí mi á dàrú.

Láti kékeré ni mo ti ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ spíkà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi ìgbéyàwó, níbi gbogbo, ó ń pariwo sí mi létí, èmi ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá etí mi bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Mo lọ rí dókítà, mo purọ́ fún ìyàwó mi pé mò ń lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Ìkọ́lé. Dókítà ní ariwo ló pa á, pé èyí tó ti lọ ò ní padà, kí n sá fún ariwo kí ìyókù má bàa lọ. Mo dúpẹ́, mo jáde, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èyí tó wá burú níbẹ̀ ni pé mi ò tíì di adití pátápátá. Mò ń gbọ́ ohùn èèyàn, dò-re-mí ọ̀rọ̀ yín ń wọlé sí mi létí, bó ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀… ọ̀rọ̀ gan-an ni kì í dé. Ẹnu èèyàn ni mo máa ń wò, ìyókù mo ń fọgbọ́n gbé e. Ìyàwó mi ní kí n bá òun mú ilá wá, mo lọ tan iná. Ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó yá kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní mi ò kì í gbọ́ràn. Á bá mi sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, mi ò ní dáhùn, ó ní ìgbéraga ni, ó ní bóyá mo ti rí ẹlòmíì níta. Mi ò kì í gbọ́ràn lóòótọ́! Òótọ́ pọ́ńbélé ló ń sọ láìmọ̀. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kó máa pè mí ní olóríkunkun ju kó mọ̀ pé adití lòun ń bá gbé. Ṣé ìyẹn dáa? Mo mọ̀ pé kò dáa.

Bí amp ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá jáde, ṣe jóná nìyẹn o, wọ́n ní èmi ni kí n lọ yan òmíràn, tòkunbọ̀, pé èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin kan wà l'Ọ́tùn tó ti ṣe ẹgbẹ́ olórin rí, ó ní méjì nílẹ̀. Ọ̀kan kéré, kò ní wàhálà, ohùn rẹ̀ tutù, irú èyí tó yẹ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìkejì tóbi, ó wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì, oní-tube ni, àwọn nǹkan onígíláàsì bíi gílóòbù tó máa ń pọ́n lẹ́yìn rẹ̀ tó bá ti gbóná, high gain, èyí táwọn tó ń ta rock fi ń mú kí gìtá ké bí ẹni tí wọ́n ń nà. Èwo lẹ rò pé ẹni tí orí rẹ̀ pé máa mú? Èmi ìkejì ni mo fẹ́. Mo sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn ohùn tó le. Irọ́ ni. Okùn tínínrín tó wà nísàlẹ̀ gìtá mi ni mi ò gbọ́ mọ́, àyàfi tí nǹkan bá bá mi fi agbára gbé e jáde. Dókítà ní kí n sá fún ariwo, èmi ń wọ mọ́tò lọ s'Ọ́tùn lọ ra ariwo.

Mo mú ìyàwó mi dání. Akọrin ni, etí rẹ̀ mú, kò sí ohùn tó máa yẹ̀ tí kò ní mọ̀. Mo ní kó kàn sìn mí lọ ni… mi ò sọ fún un pé etí rẹ̀ ni mo fẹ́ yá lò. Nígbà tá a débẹ̀, gbogbo ohun tí ojú lè rí ni mo wò. Mo wo àwọn tube yẹn bóyá èyíkéyìí ti funfun lórí, mo gbóòórùn ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá nǹkan ti jóná níbẹ̀ rí, mo yí gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀, mo mi wáyà rẹ̀. Ó kù kí èèyàn ṣí bọ́tìnnì gain, èyí tó ń fún ohùn lágbára, dé òkè, kó gbé ọwọ́ kúrò lára gìtá, kó sì tẹ́tí bóyá amp náà ń dá pariwo. Ibi tí etí ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Mo ṣí i. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn amp, ó ń wo bí tube ṣe ń pọ́n, mi ò rí ẹnu rẹ̀. Mo bi í pé báwo ló ṣe ń ṣe. Ó dáhùn. Ó tún un sọ. Mo gbọ́ ọ ketekete pé ó ní ó ń dùn. Ni mo bá ta gìtá, okùn tínínrín yẹn sì ké, mo gbọ́ ọ! Ẹ̀yin èèyàn, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi níwájú ọkùnrin yẹn. Mo ní kó bá mi gbé e sínú mọ́tò. Ìyàwó mi kàn ń wò mí, mo rò pé òòrùn ló ń mú un.

Ọjọ́ Ìsinmi, pásítọ̀ ní kí gbogbo wa tẹrí ba, ká dákẹ́, fún ìdílé kan tí ìyá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Mo di ojú mi. Ní tèmi, ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ẹnì kan fọwọ́ kàn mí léjìká, mo la ojú, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń wò mí. Wọ́n ní amp yẹn ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta, mo sì jókòó tì í, mi ò mira! Lẹ́yìn ìsìn, níwájú àwọn àgbà, wọ́n ní báwo ni èmi ṣe máa yan irú eléyìí. Ojú tì mí. Mo ní ìyàwó mi ló bá mi gbọ́ ọ, òun ló ní ó ń dùn. Gbogbo ojú yí sí i.

A délé, ó dúró síwájú mi. Ó ní ṣé òun ò sọ fún mi l'Ọ́tùn, ó gbé ọwọ́ sétí, ó ń fì í bí ìgbà tí eṣinṣin ń yí èèyàn ká, kùùùn, kùùùn… Háà! Ó ń kùn ló sọ. Kùn o, kì í ṣe dùn! Létí tèmi nǹkan kan náà ni. Ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ ọ́, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Kí ni mo wá sọ? Mo ní kó má yí ọ̀rọ̀ padà, pé dùn ló pè é. Mo mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa, mo sì wò ó lójú pa á. Ó bi mí pé kí lòun fi ṣe mí tí mo fi fẹ́ sọ òun di òpùrọ́ láàárín èèyàn. Ó gbé ọmọ wa, ó gun ọ̀kadà lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Ìrè.

Ní choir, wọ́n ti ní kó má dá orin mọ́ títí ọ̀rọ̀ á fi yanjú. Bàbá rẹ̀ ránṣẹ́ pé kí n mú àwọn èèyàn mi wá lọ́jọ́ Sátidé, kí n wá sọ lójú wọn bóyá ọmọ àwọn ń purọ́. Ìyá rẹ̀ ní kò sẹ́ni tó tíì pe ọmọ òun lópùrọ́ rí. Òótọ́ ni, kò purọ́ rí. Bí mo bá sọ òótọ́, gìtá parí, oúnjẹ wa náà parí. Bí mi ò bá sọ ọ́, orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, ó sì lè má padà wá mọ́. Tí mo bá tiẹ̀ sọ ọ́, ṣé ó máa dárí jì mí?

Lánàá ó pè mí, ó ní ọmọ fẹ́ gbóhùn mi… ohun tí mo rò pé ó sọ nìyẹn. Ó gbé fóònù sí ọmọ lẹ́nu. Ọmọ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ. Ó ń pe ẹnì kan, ó ń pè é léraléra, dò-mí, dò-mí, dò-mí. Bàbá, dò-mí ni. Màmá, dò-mí ni. Mo di fóònù mọ́ etí títí ó fi ń dùn mí, mi ò mọ̀ bóyá èmi ló ń pè àbí ìyá rẹ̀. Mo kàn ń dáhùn ṣáá.

Ọ̀la ni Sátidé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọkọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní aya, ẹ dá mi lóhùn, ẹ kọ ọ́ síbí kí n lè fi ojú kà á: tí mo bá dé Ìrè, kí ni kí n sọ?