Ajá Tí Ẹgbẹ́ Yín So Irin Mọ́ Lọ́rùn

Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, lẹ́bàá Ìkọ̀lé,
Oṣù Keje, 1961.

Délé ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Ìbàdàn? Ṣé ara ìyàwó rẹ le? Ṣé ẹ̀ ń sùn dáadáa nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn? Ògún yóò máa la ọ̀nà fún ọ, ọkọ̀ tí o bá wọ̀ kò ní dojú dé, abẹ́rẹ́ tí o fi ń gún ẹran kò ní yí padà gún ọ. Ìyá rẹ ní kí n fi ti Jésù kún un, mo ti fi kún un. Èmi fúnra mi ni mo ń kọ lẹ́tà yìí o, ilé ìwé àwọn àgbà ti là mí lójú, nítorí náà má rò pé ẹnìkan ló ń fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu.

Iṣu ta dáadáa lọ́dún yìí, ẹsẹ̀ tó ń dun Fẹ́yìsetán ìyá rẹ sì ti san, ó ti ń fi rìn dé Ìkọ̀lé. Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Mo kà á, inú bí mi, mo jẹun, mo tún un kà, inú tún bí mi. O ní kí n má pa ajá fún Ògún mọ́. O ní ìwọ ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹran, pé ẹgbẹ́ yín ló ń jà fún ẹran, pé bí wọ́n bá gbọ́ pé bàbá akọ̀wé ń bẹ́ ajá lórí, ojú yóò tì ọ́, àti pé bí n kò bá jáwọ́, o kò ní fẹsẹ̀ kan ilé mọ́. Èsì mi ni pé n kò ní jáwọ́. Kọ́kọ́ ka ìyẹn kí o tó ka ìyókù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ajá kan ya dìgbòlugi ní ọ̀nà Ìkọ̀lé, ó bu obìnrin kan jẹ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àwọn wolé-wolé ti kó kùmọ̀ dé, wọ́n ń lu gbogbo ajá tí wọ́n bá rí pa, èyí tó ń sùn àti èyí tó ń fún ọmọ lọ́mú. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi. Ajá tí mo rà sílẹ̀ de ọdún Ògún wà lẹ́yìn mi, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà tàdátàdá, mo ní kí ẹni tí ayé bá sú kọ́kọ́ wọlé. Wọ́n ní àwọn yóò fi orúkọ mi ránṣẹ́ sí káńsù. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ dáadáa, mo sì pe lẹ́tà orúkọ mi fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà ṣì í kọ.

Àárín wàhálà yẹn ni ẹgbẹ́ yín dé. Dókítà Morákinyọ̀ ni olórí àwọn tó wá, ó ní òun mọ̀ ọ́. Wọ́n pe ìlú jọ sí gbọ̀ngàn káńsù ní Ìkọ̀lé. Ó sọ ọ́ lójú àwọn wolé-wolé pé lílu ajá pa kò lè lé dìgbòlugi lọ, pé abẹ́rẹ́ ló ń lé e, àti pé ẹgbẹ́ yín kọ̀wé sí ìjọba, wọ́n tún kọ, títí ìjọba fi kó abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀. Mo ti ń pàtẹ́wọ́ kí ó tó parí ọ̀rọ̀. Ó tún ní kí a yé so ewúrẹ́ mọ́ kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú orí kodò lọ sí ọjà Ìfàkì. Ìyá rẹ tó so adìyẹ lẹ́sẹ̀ wá síbẹ̀ yára tú wọn, ó gbé wọn jókòó sórí itan bí ọmọ ìkókó. Dókítà ní ẹgbẹ́ yín ló ń gbẹnu sọ fún àwọn ẹran lọ́dọ̀ ìjọba. Mo nawọ́, mo bi í pé èwo nínú àwọn ẹran ló rán wọn. Ó kàn rẹ́rìn-ín. Bí ìwọ bá mọ̀ ọ́n, kọ ọ́ sí mi, nítorí mo ń fura sí òbúkọ ìyá rẹ.

Ohun tó wá sọ kẹ́yìn ni mo fẹ́ kí o gbọ́. Ó ní bí ẹran yóò bá kú lọ́wọ́ ènìyàn, kí ebi má ṣe pa á, kí a má nà án, kí a má wọ́ ọ nílẹ̀, kí ó má rí ọ̀bẹ, kí ó sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Délé, gbọ́ o. Ohun tí bàbá mi kọ́ mi nípa ajá Ògún gan-an nìyẹn. Idà ẹlẹ́ẹ̀kejì lára ajá, Ògún kò gbà á. Mo dìde, mo ní, “Dókítà, ulé Ògún ni ẹ̀yin náà ti wá, ẹ kàn ń fi í pamọ́ ni.” Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, èmi kò rẹ́rìn-ín. Irin ni abẹ́rẹ́ yín, irin ni ọ̀bẹ yín, Dókítà sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ẹ máa ń búra kí ẹ tó wọ iṣẹ́. Kí ló kù?

Bí wọ́n ti gún ajá mi tí mo fà lọ́wọ́ wá síbẹ̀ tán, wọ́n so irin róbótó kan mọ́ ọn lọ́rùn, èyí tí wọ́n fi ń mọ ajá tó ti gba abẹ́rẹ́. Mo wò ó dáadáa. O mọ òfin ilé wa: ọwọ́ tó bá so irin mọ́ ajá lọ́rùn fún Ògún ni yóò tú u, òun náà ni yóò gbé idà. Ẹgbẹ́ yín ló so ó. Bó ṣe di pé ajá náà kúrò lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó so ó, wọ́n béèrè orúkọ rẹ̀. Mo ní a kì í sọ ajá Ògún lórúkọ. Dókítà ní ìwé abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ ṣófo. Mo wá rántí pé ẹ̀yìn lẹ́tà rẹ, Dókítà Olúdélé ni o kọ síbẹ̀. Èmi kò sọ ọmọ kankan ní Olúdélé. Ògúndélé ni mo sọ ọmọ mi, lójú gbogbo ẹbí, pẹ̀lú omi àti iyọ̀. Orúkọ tí o jù nù kò fọ́, kò ya, kò sì yẹ kó ṣòfò, mo bá ní kí wọ́n kọ ọ́ fún ajá. Ìyá rẹ sunkún títí a fi délé. Ó ní báwo ni n ó ṣe gbé idà sókè sí ohun tó ń jẹ́ orúkọ ọmọ òun. Mo ní n kò ní gbé e, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ irin ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ. Ó ní irọ́ ni mo ń pa. Má dá a lóhùn.

Nítorí náà ajá yìí kò ní kú lọ́wọ́ mi lọ́dún yìí, kì í sì í ṣe nítorí lẹ́tà rẹ. N kò túúbá fún ẹnikẹ́ni. Ìwọ tí o jẹ́ akọ̀wé wọn, wá fọwọ́ ara rẹ tú irin yín. Bí o bá tú u tán, idà wà lára ògiri. Bí o bá ní kí ajá máa lọ, kí o dúró níwájú Ògún kí o sọ ọ́, èmi yóò sì dúró tì ọ́.

Kí o tó dé, ajá ẹgbẹ́ ni, ẹgbẹ́ ni kó máa bọ́ ọ. Fi owó oúnjẹ rẹ̀ ránṣẹ́, kí o fi tèmi kún un, ìyá rẹ sì fẹ́ ra gèlè. Má fi sí ilé ìfìwéránṣẹ́ o. Nígbà tí o fi síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, akọ̀wé ibẹ̀ ní kí n tẹ àtàǹpàkò sínú tàdáwà. Mo ní kí òun kọ́kọ́ tẹ tirẹ̀ kí àwa méjèèjì lè mọ ara wa, orí rẹ̀ la wà tí wọ́n fi tilẹ̀kùn. Kó owó náà fún awakọ̀ tó ń bọ̀ wá sí Ìkọ̀lé.

Wàá pẹ́ láyé, ọmọ. Ohun tí o bá fọwọ́ kàn yóò yè. Ògún kò ní gbàgbé rẹ, bí ìwọ tilẹ̀ gbàgbé rẹ̀. Má sì rò pé ilé dá páropáro láìsí rẹ. Ní ìrọ̀lẹ́, mo ń jáde síta, mo ń pe Ògúndélé kí gbogbo àdúgbò gbọ́, ó sì ń sáré wá bá mi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ògúnlẹ́yẹ.