Ẹ Ti Gbẹ́ Ère Mi, Èmi Kò sì Tíì Kú

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé o. Mo kí yín lórí ìkúnlẹ̀, mo kí Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, mo kí gbogbo agboolé wa ní Odomẹ̀ta. Mo sì tún kí yín kú ọ̀fọ̀, nítorí mo gbọ́ pé mo ti kú. Inú ń bí mi, Ìyá. Lórí Wàsáàpù ìdílé wa, níwájú àwọn ará Kétu tó fọ́n káàkiri ayé, ni ẹ ti kéde ikú mi. Ìdí nìyí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí sí gbangba, kí àwọn tó sunkún mi lè kà á.

Ẹ̀gbọ́n mi Akànní ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó rí fídíò kan, ọjà ń jó, sójà ń yìnbọn, ọkùnrin kan tó ní Yúróòpù lòun ń gbé ń pariwo lórí rẹ̀ pé Àbíjàn tí mò ń gbé yìí ti dàrú, pé àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ bíi tiwa ni wọ́n kọ́kọ́ ń pa. Akànní ò bi ẹnikẹ́ni. Ó ti fi ránṣẹ́ síbi gbogbo kó tó sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù rẹ̀. Mo ti wo fídíò náà wàyí. Ọwọ́ òsì ni àwọn ọkọ̀ inú rẹ̀ ń gbà! Ọwọ́ ọ̀tún là ń gbà níbí, bí a ṣe ń gbà á ní Kétu. Akànní tó ń fi alùpùpù kó èrò láàárọ̀ lálẹ́, tó mọ gbogbo kòtò tó wà lójú ọ̀nà, òun ni kò rí i. Iná ló ń wò.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Àbíjàn lọ́jọ́ náà? Òjò. Òjò ibí kì í bẹ èèyàn. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ, ó rin pọ́tábù mi, fóònù tí mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, mo sì gbé e fún ẹni tó ń tún un ṣe. Ibi tí mo ti ń gbá omi, tí mò ń bẹ àwọn oníbàárà tí aṣọ wọn ti tutù, ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí ẹ̀yin ń pè. Obìnrin inú ẹ̀rọ fi Faransé sọ fún yín pé ẹni tí ẹ ń pè kò sí, ẹ sì gbà á gbọ́.

Mi ò sọ pé Àbíjàn dùn bí oyin. Olè wà. Bí ọjà ò bá tà, àwọn kan á rántí pé àlejò ni wá. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bá mi jà jù níbí ni ìdákẹ́jẹ́ yàrá mi lọ́jọ́ Àìkú, ẹnikẹ́ni ò sì ṣe fídíò ìyẹn.

Ẹ̀rù ò tiẹ̀ burú. Ohun tí ẹ̀rù mú yín ṣe ló ń dùn mí. Ìbejì ni èmi àti Kẹ́hìndé. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ilé wa kì í fi falẹ̀, wọ́n á gbẹ́ ère rẹ̀ kó má baà pe èkejì. Kẹ́hìndé sì lóyún tó ti wọ oṣù ìbí. Mo mọ ohun tí ẹ ń sá fún. Bàbá Àgbà ní kí ẹ yára, ẹ rán Akànní sí agbẹ́gilére ní Adakplamè, owó tí mo ní kí ẹ fi ra aṣọ ọmọ lẹ fi san owó igi. Ẹ wẹ ère, ẹ fún un ní ẹ̀wà àti epo, ẹ fi lé Kẹ́hìndé lọ́wọ́, ẹ ní Táyé rẹ̀ nìyí. Ta ló rí òkú mi? Èwo nínú àwọn ará Kétu tó kún Àbíjàn lẹ bi?

Nígbà tí pọ́tábù mi jí, mo pè, ẹ ju tiyín sílẹ̀. Mo tún pè yín ní fídíò, ojú mi ń hàn kedere, ẹ ní kí n sọ ẹni tó da omi gbóná sí mi lẹ́sẹ̀ ní kékeré. Mo sọ ọ́, ẹ bú sẹ́kún. Ni Bàbá Àgbà bá gbà á lọ́wọ́ yín, ó ní ẹ̀rọ òde òní lè fi ojú òkú sọ̀rọ̀, Akànní ti fi hàn òun. Ó ní Kẹ́hìndé ò gbọdọ̀ gbọ́ ohùn mi títí yóò fi bímọ. Irọ́ tọ̀ yín wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ ò mọ̀, ẹ gbé àga fún un. Ọmọ tí ẹ bí kan ilẹ̀kùn, ẹ ní kó mú ẹ̀rí wá!

Kí Bàbá Àgbà tó gba fóònù, nínú ẹkún yẹn, ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi pé Kẹ́hìndé kì í jẹun dáadáa mọ́, pé ère ló ń gbé sùn. Ìyẹn ló ń já mi láyà, Ìyá. Bí nǹkan bá ṣe é, kì í ṣe ogun Àbíjàn ló ṣe é.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n, pé òun ló rán mi ṣíwájú kí n tọ́ ayé wò, kí n sì jíṣẹ́ fún òun bóyá ó dára. Igbe tí mo ké lòun gbọ́ tó fi tẹ̀ lé mi. Èmi yìí náà ni ìránṣẹ́ rẹ̀ ní Àbíjàn. Bó bá fẹ́ mọ bí ibí ṣe rí, ṣé Akànní ló yẹ kó jíṣẹ́ fún un?

Lọ́jọ́ ọjà Kétu tó ń bọ̀, bí ẹ bá ti ọjà dé, n óò pè. Ẹ má gbé e fún Bàbá Àgbà. Ẹ gbé e sí Kẹ́hìndé létí. Bó bá gbọ́ mi tán tó ní òun ò mọ̀ mí, kí ẹ máa fún igi ní ẹ̀wà lọ. Kí Akànní fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ síbi gbogbo tó fi irọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí, kó má fo ẹnì kan.

Ọlọ́run á sọ Kẹ́hìndé kalẹ̀ láyọ̀, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ẹ ó pẹ́ fún wa, ọ̀fọ̀ òtítọ́ ò ní ṣẹ̀ yín lórí wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ẹ bá mi kí ère náà pàápàá, òun nìkan ni kò sọ nǹkan kan nípa mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Táyé, tí kì í ṣe igi.